Ẹ̀bùn tí mo gbààwẹ̀ lé lórí kọ́ ni wọ́n fún mi

Àbúrò mi, ìwọ tí o ní o ti gbààwẹ̀ títí, o ti gun orí òkè, síbẹ̀ o ò rí ìran kankan, tí o wá ń bèèrè bóyá Ọlọ́run fò ọ́ dá, jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ.

Inú Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ wa, aríran ni gbogbo ojú ń wò. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lé ẹ̀bùn yẹn. Nígbà tó di òru àìsùn kan, ara mi gbóná, mo la ẹnu, mo ní mo rí obìnrin kan báyìí nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Kò sẹ́ni tó kú o. Ṣùgbọ́n oorun kúrò lójú obìnrin náà, ó ń fi owó oúnjẹ ọmọ ra àbẹ́là. Èmi nìkan ló mọ̀ pé n kò rí nǹkan kan. Ojúkòkòrò ló sọ̀rọ̀.

Bàbá alàgbà kò bá mi jà. Ó kàn gbé ìwé àti báírò lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa kọ ìran tí àwọn ẹlòmíì bá ń rí. Akọ̀wé! Díẹ̀ ló kù kí n fi ìjọ sílẹ̀.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé bí Ẹ̀mí bá gbé aríran, ọ̀rọ̀ máa ń yára bí òjò ni. Akọ̀wé ni yóò kọ ọ́, tí yóò mú un tọ ẹni tó ni ín lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ni kò mọ̀wé, nítorí náà mo máa ń jókòó tì wọ́n kà á. Tí mo bá kà á tán, wọn kì í dìde. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ọkọ tó lọ tí kò padà, ọmọ tó kúrò níléèwé. Mo lè gbọ́ ọ fún wákàtí méjì kí ó má sú mi. Ìyá kan wà tí wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, àtọ̀gbẹ sì ń ṣe é. Mo padà lọ bá Bàbá, wọ́n yọ ààwẹ̀ kúrò, wọ́n fi àdúrà nìkan sílẹ̀, èmi àti ìyá sì jọ lọ sí ọsibítù.

Tí o bá ń ka 1 Kọ́ríńtì 12, má dúró sí ẹsẹ 10 tó dárúkọ àsọtẹ́lẹ̀. Dé ẹsẹ 28, wàá rí i pé Pọ́ọ̀lù ka ìrànlọ́wọ́ mọ́ ẹ̀bùn ìmúláradá. Orí 14 ẹsẹ 3 sì ní láti gbé èèyàn ró, láti tù ú nínú, ni àsọtẹ́lẹ̀ wà fún. Wá fi ìyẹn wọn ìran aṣọ ọ̀fọ̀ tí mo sọ wò. (Mósè Orímọ́ládé tó dá ìjọ wa sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá gbàdúrà.)

O ní ìwọ lò ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, o sì pè é ní iṣẹ́ lásán. Lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà tí kì í gbọ́ ìwàásù láìsí màíkì.

Tí o bá sì ti sọ irú ohun tí mo sọ rí, tètè lọ bẹ ẹni náà. Ọdún méjì ni mo fi sá fún obìnrin yẹn. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, “Ṣé ìwọ rèé? Ó mà pẹ́ o. Dìde, wá jẹun.”