Kí ló dé tí mílíọ̀nù kan fi jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́?

Ìbéèrè náà pín sí méjì: kí ni ọ̀kẹ́ gan-an tí àwọn àgbà fi ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, àti pé ṣé àwọn Potogí ló kó owó ẹyọ wá bá wa?

Ọ̀kẹ́ ni àpò ńlá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó bá wáyé tòun ti awọ tó bò ó fi ń jẹ́ Ọ̀kẹ́. Ní ti owó, ọ̀kẹ́ kan ni àpò tí wọ́n ka owó ẹyọ 20,000 sí. Ẹ ṣe é ní ọ̀nà àádọ́ta, mílíọ̀nù kan pé. Ọ̀kẹ́ márùn-ún ni 100,000, ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìdajì mílíọ̀nù, ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù méjì, àádọ́jọ ọ̀kẹ́ ni mẹ́ta. Àwọn kan a máa pe mílíọ̀nù kan ní "ọ̀kẹ́ kan". Ẹni tó bá bá yín dúnàádúrà bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ jẹ 980,000 mọ́ yín lọ́wọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe ń kà á ló jẹ́ kí ìṣirò wa rí bó ṣe rí. Wọ́n á da owó náà sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ tàbí kó jókòó tì í, á sì máa fi ìka fà á wá sọ́dọ̀ ní márùn-ún márùn-ún. Ìfà mẹ́rin di okòó, ìyẹn ogún owó. Okòó márùn-ún di ọgọ́rùn-ún. Á wá gbá ọgọ́rùn-ún méjì pọ̀, ó di igba, orí igba yìí sì ni gbogbo ìṣirò ńlá dúró lé: igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún, igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ sín in, wọ́n á lu ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sín ogójì sórí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Àní oókan, eéjì, ẹẹ́ta tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní kíkà, owó kan, owó méjì, owó mẹ́ta ni.

Ẹ wá wo bó ṣe wúwo tó. Ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ kéékèèké tó ti Maldives, erékùṣù inú Òkun Íńdíà, wá á tó nǹkan bí kílò 23, ẹrù orí alárù kan gééré. Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan nígbà náà ní láti wá àádọ́ta alárù, kó sì bọ́ wọn dójú ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá jìn, oúnjẹ àti owó iṣẹ́ wọn á ti jẹ púpọ̀ nínú owó tí wọ́n rù. Ìnira tó pọ̀ jù lára owó ẹyọ nìyí.

Ní ti àwọn Potogí, àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ mú un dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco, gbé ní Maldives ní 1343 sí 1344. Ó ní dínárì wúrà kan ń ra 400,000 níbẹ̀, nígbà mìíràn ó ń tó 1,200,000. Nígbà tó dé ilẹ̀ Mali ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó tún bá owó kan náà níbẹ̀, 1,150 péré sì ni dínárì kan ń rà. Èrè tó wà láàárín iye méjèèjì yìí ló ń lé oníṣòwò kiri. Orí ràkúnmí ló ń gbà la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá nígbà yẹn.

Ohun tí àwọn Potogí ṣe ni pé wọ́n gbé e gba ojú òkun. Lẹ́yìn tí Vasco da Gama rí ọ̀nà omi dé Íńdíà ní 1498, kò pẹ́ tí ọkọ̀ wọn fi ń kó o wá sí etíkun wa. Àwọn ará Họ́láńdì àti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé wọn, àwọn ló sì sọ ọ́ di òwò ńlá. Ní Maldives, wọ́n á ju imọ̀ àgbọn sínú omi tí kò jìn, ẹranko tó ń gbé inú owó ẹyọ á rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fà á wá sétí omi. Wọ́n á rì í mọ́ yanrìn títí ẹran inú rẹ̀ á fi jẹrà, wọ́n á wá fọ̀ ọ́. Èyí tí kò bá jẹrà tán á máa rùn. Wọ́n á di 12,000 sínú ìdì kan, wọ́n á tà á fún àwọn tó gbé ìrẹsì wá láti Bengal. Láti Íńdíà àti Ceylon (Sri Lanka òde òní), ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń kó o sí kó lè mú ọkọ̀ dúró, nítorí aṣọ àti èròjà ọbẹ̀ tí wọ́n ń kó fúyẹ́. Wọ́n á tà á ní gbàǹjo ní Amsterdam àti London, àwọn tó ń ṣòwò ẹrú á rà á, á di inú àgbá, á dé Wídà, ìlú etíkun ní Benin òde òní. Ènìyàn ni wọ́n fi ń rà níbẹ̀. Láàárín 1700 sí 1790, èyí tí Họ́láńdì àti Gẹ̀ẹ́sì kó wá lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá, ìyẹn 500,000 ọ̀kẹ́, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó bá ń ka ọ̀kẹ́ láìmọ èyí kò tíì mọ ohun tó ń kà.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé fi ṣe owó ni pé kì í jẹrà, kò ṣeé ṣe ayédèrú, kò sì sí ní etíkun tiwa. Ìgbà tí kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ló bàjẹ́. Ní 1845 ni ilé iṣẹ́ Hertz láti Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn wá láti Zanzibar, erékùṣù kan ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tó tóbi jù, tó sì pọ̀ níbẹ̀ bí ilẹ̀. Òwò epo pupa ni wọ́n fi ń gbé e wọlé. Nígbà yẹn, ẹgbàá kan tó dọ́là fàdákà kan ní Èkó, ìyẹn ṣílè mẹ́rin àti díẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, ẹgbàá kan náà di sísì (ìdajì ṣílè), ọ̀kẹ́ kan di ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́rin sì ni pọ́n-ùn kan. Ẹni tó fi ọ̀kẹ́ pamọ́ sí yàrá bá a ní iye tó fi sí i, ṣùgbọ́n kò lè rà tó ìdá mẹ́jọ ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ní owó ẹyọ àtijọ́ nílé lè fi ojú mọ èyí tó ní. Ti Maldives kéré, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ó sì ní kókó létí. Ti Zanzibar tóbi jù, ara rẹ̀ ń dán, òrùka pupa rẹ́súrẹ́sú sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Bí wọ́n bá ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, bí àwọn tó ń dá ẹẹ́rìndínlógún (ìyẹn fífi ẹyọ mẹ́rìndínlógún wádìí ọ̀rọ̀) níbí, tí wọ́n ń pè ní dilogún ní Kúbà, ṣe máa ń ṣe é, òrùka náà ti lọ nìyẹn. Ẹ wo kókó etí rẹ̀ dípò.