Ẹ Má Da Ásíìdì Sí Ihò Balùwẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mò ń gbé. Omi balùwẹ̀ wa kì í tètè lọ mọ́. Bí a bá wẹ̀ tán, omi á dúró dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì máa ń tó 20 ìṣẹ́jú kó tó fà tán. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìdáná ò ní wàhálà. Ásíìdì tí wọ́n ń rọ sínú ike tà láàdúgbò wa, ṣé ike kan máa tó, àbí méjì?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má da ẹyọ kan. Ẹni kẹrin tó bi mí ní ìbéèrè yìí lóṣù yìí lẹ jẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń bí mi nínú.

Kí ló dí ihò yín? Irun ni. Irun orí, irun àtáṣímẹ́ǹtì àti fọ́nrán kànìnkànìn, tí ọ̀rá ọṣẹ wá lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Lábẹ́ ihò náà, páìpù tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Tíráàpù là ń pè é. Omi díẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí òórùn sọ́kàwéè àti aáyán gba ibẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ náà ni irun máa ń há sí.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ásíìdì inú ike yẹn, ti fífọ táìsì àti àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Kò yọ́ irun. Àtáṣímẹ́ǹtì tó jẹ́ rọ́bà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n da nǹkan sí òun. Ẹ ó sọ pé, "Ṣebí ó ń hó!" Híhó yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Sìmẹ́ńtì àárín táìsì yín ló ń jẹ. Lọ́jọ́ kan, omi á máa jò sábẹ́ ilé, irun á ṣì wà níbi tó wà. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Èyí tó burú jù ni kí ẹnì kan tún da Hypo tàbí Jik lé e. Èéfín klorínì ló máa jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní ìlú Ypres, ní ilẹ̀ Belgium, lọ́dún 1915. Nínú balùwẹ̀ kékeré tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀!

Oníbàárà mi kan da ásíìdì sí ihò, kò sọ fún mi. Mo ṣí tíráàpù, ó ta sí mi lára. Àpá rẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ òsì mi títí dòní.

Omi híhó ńkọ́? Páìpù rọ́bà wa kò fẹ́ ju nǹkan bí 60°C lọ, 100°C sì ni omi ti ń hó. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ lò.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ tú ìdérí ihò náà. Ẹ na hángà onírin, kí ẹ ká ẹnu rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ tì í wọlé jẹ́jẹ́, ẹ yí i, ẹ fà á. Ohun tó máa jáde á gùn bí ìrù eku, dúdú, yíyọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, á sì rùn. Ẹ má sá, ẹ máa fà á lọ. Inú láílọ́ọ̀nù ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Tí ó bá kù díẹ̀, ẹ lo plunger, igi tó ní rọ́bà lẹ́nu: ẹ da omi bo ẹnu rọ́bà rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á gírí, bí ìgbà 15. Fífà ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ má fi ọ̀pá irin gún un o, tíráàpù lè fọ́.

Mi ò rí páìpù yín, nítorí náà tí hángà bá kan ohun líle tí kò mì, ẹ dúró, ẹ pe pọ́ńbà. Ká ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ń fà díẹ̀díẹ̀ ni, pàápàá lásìkò òjò, sọ́kàwéè ni à bá yẹ̀ wò.

Tí ẹ bá sì ti da ásíìdì náà kí ẹ tó ka èyí, ẹ má da nǹkan mìíràn lé e. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lé àwọn ọmọ jáde. Tí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ sọ fún pọ́ńbà kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.