Ṣé dandan ni kí òǹkọ̀wé ní aṣojú, ìyẹn ẹni tó ń bá òǹkọ̀wé fi iṣẹ́ rẹ̀ lọ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé, kí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin tó lè gba ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́?

Rárá, kì í ṣe dandan. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé tó dá dúró tó sì ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì tẹ ìwé kankan jáde rí. Torí kí a lè gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò kà sí ni wọ́n ṣe dá irú wọn sílẹ̀, bí Feminist Press ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1970 àti Spinifex Press ní Ọsirélíà lọ́dún 1991.

Kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ ka ìlànà ilé-iṣẹ́ náà, nítorí àwọn kan kì í gba iṣẹ́ àyàfi ní àwọn oṣù kan láàárín ọdún. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni lẹ́tà kúkúrú, àkópọ̀ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti orí díẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì gan-an: kí ó sọ ìdí tí òǹkọ̀wé fi yan ilé-iṣẹ́ náà, kí ó sì dárúkọ ìwé wọn kan tó bá tirẹ̀ tan, nítorí lẹ́tà kan náà tí a fi ránṣẹ́ káàkiri kì í pẹ́ hàn sí olóòtú.

Owó ìṣáájú tí ilé-iṣẹ́ ń san fún òǹkọ̀wé kí ìwé tó jáde sábà máa ń kéré, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá ní kí òǹkọ̀wé san owó ìtẹ̀wé kì í ṣe irú èyí tí à ń wí.

Virago, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1973, kò dá dúró mọ́. Abẹ́ Hachette, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá kan, ló wà báyìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń fẹ́ kí iṣẹ́ gba ọwọ́ aṣojú wá.