Kí ni olú-ìlú gan-an, kí ló dé tó fi jẹ́ Àkúrẹ́ tí kì í ṣe Oǹdó?

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń gbé l'Óǹdó ló bi mí léèrè, mo wá ní kí n kúkú dáhùn ẹ̀ síbí kí gbogbo wa jọ kà á. Ó ní tíṣà wọn sọ pé olú-ìlú ni ìlú tó ṣe pàtàkì jù, ó wá ní kí ló dé tí ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́ Oǹdó tó sì jẹ́ pé Àkúrẹ́ ni olú-ìlú ẹ̀, àti pé Èkó tó tóbi tó báyẹn, kí ló ṣe tí wọ́n fi gbé olú-ìlú Nàìjíríà lọ sí Àbújá. Ọmọ Àkúrẹ́ lèmi o, kí ará Oǹdó tó bá ń kà á má bínú sí mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀. Olú lẹni tó jẹ́ orí fún àwọn irú ẹ̀. Olúọdẹ lolórí ọdẹ, Olúwo lolórí awo, olú iléeṣẹ́ nibi tí ọ̀gá pátápátá ń jókòó sí, kódà kó jẹ́ yàrá méjì péré ló wà níbẹ̀. Torí náà ìlú lè tóbi, ó lè pẹ́ láyé, adé ọba ẹ̀ lè ga, kó má sì jẹ́ olú-ìlú, ibi tí wọ́n bá gbé àga ìjọba kalẹ̀ sí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣèbí Ifẹ̀ ni orírun gbogbo wa, Òṣogbo ni olú-ìlú Ọ̀ṣun. Aláàfin wà l'Ọ́yọ̀ọ́, Ìbàdàn ni gọ́mìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń gbé. Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá, Ìkẹjà ni.

Ti wa ńkọ́? Látayé òyìnbó ni wọ́n ti ń pe gbogbo agbègbè yìí, tòun ti Èkìtì, ní Ondo Province, Àkúrẹ́ sì ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó ẹ̀. Nígbà tí Murtala Mohammed wá sọ ìpínlẹ̀ 12 di 19 lọ́jọ́ 3, oṣù kejì, 1976, orúkọ àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n mú, ibùjókòó àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n lò. Àkúrẹ́ ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ jàre. Ọ̀ṣẹ̀máwé wà lórí ìtẹ́ ẹ̀ l'Óǹdó, Déjì wà láàfin ẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba, gọ́mìnà wà l'Álágbàká, kálukú ń ṣe tiẹ̀. Àwọn àgbà ní Aṣọdẹbóyèdé ló tẹ Àkúrẹ́ dó, ẹ gbọ́ orúkọ náà wò, ẹni tó lọ ṣọdẹ tó gbé oyè bọ̀, wọ́n ní okùn àkún ọrùn ẹ̀ ló já níbi tí wọ́n dé, wọ́n ní àkún rẹ́, ló bá di Àkúrẹ́. Oyè yẹn ò lè kúrò níbẹ̀. Àga gọ́mìnà lè kúrò.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ọjọ́ 3, oṣù kejì, 1976 yẹn náà ni Murtala kéde Àbújá. Ọjọ́ ìbí kan náà ni Àkúrẹ́ àti Àbújá ní o! Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975 láti yẹ ọ̀rọ̀ Èkó wò, ta ni alága ẹ̀? Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Àkúrẹ́, òun náà ni adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ ṣe adájọ́ àgbà ní Botswana. Wọ́n ní Èkó ti há, omi ò jẹ́ kó rí ibi fẹ̀ sí, ó sì tún ń ṣe olú-ìlú fún Nàìjíríà àti fún ìpínlẹ̀ Èkó pọ̀ nígbà yẹn, ẹrù méjì lórí ẹnì kan. Wọ́n ní kí wọ́n wá ilẹ̀ sí àárín gbùngbùn, níbi tí Hausa, Yorùbá tàbí Igbo ò ti ní lè sọ pé tàwọn ni. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìkéde yẹn ni wọ́n yìnbọn pa Murtala nínú mọ́tò ẹ̀, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó yẹn náà.

Ilẹ̀ ọ̀hún ní onílẹ̀ ṣá, àwọn Gbagyi tí a ń pè ní Gwari ló ń dáko níbẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò. Orúkọ náà gan-an, yíyá ni wọ́n yá a. Àwọn ọba Hausa tí ogun Fúlàní lé kúrò ní Zaria ló sá wá sí apá ibẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Abu Ja ló tẹ ìlú kan dó ní 1828. Ja, pupa ni lédè Hausa, bíi ká ní Abu Pupa. Ìjọba wá gba orúkọ ìlú yẹn fún olú-ìlú tuntun, ìlú àtijọ́ wá di Suleja, wọ́n fi Sule tí í ṣe orúkọ ẹ́míà wọn, Suleimanu Barau, síwájú ja yẹn. Ó wà ní Niger State títí dòní.

Kenzo Tange, ará Japan, ló ya àwòrán àárín ìlú. Àpáta Aso (ẹ má pè é ní aṣọ o, èdè ibẹ̀ ni) wà lẹ́yìn, ilé ààrẹ, ilé aṣòfin àti Supreme Court wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ó jọ ètò ìlú tiwa díẹ̀, ààfin láàárín, ọjà níwájú, àfi pé ọjà ni wọn ò gbà láàyè níbẹ̀. Ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, 1991 ni Babangida wá kó ìjọba kúrò l'Ékòó pátápátá.

Zuma tó wà lẹ́yìn 100 náírà, èyí tí Awólọ́wọ̀ wà níwájú ẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń pè é ní àpáta Àbújá. Lójú ọ̀nà Kàdúná ló wà, ní Niger State lọ́dọ̀ọ́ Suleja, torí náà tí tíṣà yín bá fi í sí ìdánwò, kí o rántí mi.