Ẹ Má Sá A Sóòrùn: Bàbá Oníbáíńdì Dáhùn Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà tó wọlé lẹ́yìn òjò oṣù Kẹsàn-án pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì kún inú wọn: omi wọlé, ó bá ìwé. Ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Gọ́tà iwájú ilé wa ní Ìjẹru, Ògbómọ̀ṣọ́, ló dí, ni òjò òru bá darí omi wọ yàrá mi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí ìwé wà. Bíbélì bàbá mi wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí gbogbo àwa ọmọ sí, pẹ̀lú àwọn ìwé tí wọ́n fi ń ṣírò ọjà wọn ní Tamale kí wọ́n tó lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà ní 1969. Àbúrò mi ní kí n sá gbogbo rẹ̀ sórí páànù. Ìyàwó ọmọ mi ní kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ ní ewé kọ̀ọ̀kan. Èwo ni kí n ṣe? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ewu, màmá. Ọjọ́ tí lẹ́tà yìí tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo ti pè wọ́n lórí fóònù, torí ìwé tó tutù kì í dúró de ìwé ìròyìn. Ohun tí mo bá wọn sọ ni mo ń kọ síbí fún ẹni tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá kàn.

Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lórí páànù, ẹ̀yìn ìwé ló máa kọ́kọ́ gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì máa rin. Páálí á ká, gọ́ọ̀mù á là, àwọ̀ lẹ́tà á ṣá. Áyọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ á fún ewé ìwé pọ̀, àwọn ojú ìwé tó ń dán á sì lẹ̀ mọ́ra wọn títí láé. Mo sọ fún màmá pé omi ò tíì ba Bíbélì yẹn jẹ́, ìkánjú ọmọlé ló lè bà á jẹ́. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn tí odò Ògùnpa ya ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, ìwé ẹlẹ́rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí onílé gbé wá ní tútù, a rí nǹkan ṣe sí púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ sá gbẹ lóòrùn, ọ̀bẹ la fi ń la òmíràn, ó sì ń ya mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ̀wẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ máa fi falẹ̀. Nínú ooru tiwa yìí, tí ìwé bá fi máa tutù kọjá wákàtí 48, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Nítorí náà, yíyàn ló ṣáájú. Ìwé orin àti ìwé tí àwọn ọmọ fi ń kàwé, ẹ fi wọ́n sẹ́yìn ná, wọ́n wà lọ́jà. Ojú ewé tí bàbá yín fọwọ́ ara wọn kọ kò sí lọ́jà kankan. Ìyẹn àti ìwé Tamale ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Tí omi ṣáláńgá bá bá ti gọ́tà wá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ má fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa ìwé tó ti mu omi yó. Ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi gbé e, tàbí kẹ́ ẹ ti tíréè bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ dì í mú ní pípadé, kẹ́ ẹ rì í bọ omi tó mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ má fọwọ́ bó o. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó rì í bọ omi, ẹ wo ohun tí wọ́n fi kọ ọ́. Báírò máa ń fara da omi. Yíǹkì tí wọ́n ń rọ sínú gègé láyé ọjọ́un ò lè fara dà á, omi tuntun á kó èyí tó ṣẹ́kù lọ. Bàbá yín ní Tamale, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gègé ni wọ́n lò. Ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ orí ìyẹn gbẹ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé dúró lóòró lórí aṣọ ìnura, kẹ́ ẹ ya páálí rẹ̀ díẹ̀, kí omi lè sun jáde. Ìgbà tí ewé bá ń ṣí láìya ni kẹ́ ẹ tó máa fi tíṣù tàbí bébà funfun sáàárín wọn. Kó má nípọn jù, kí ẹ̀yìn ìwé má baà là. Bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bébà ìròyìn ò dáa, dúdú ara rẹ̀ máa ń ran ìwé. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan fáànù, àmọ́ kó má dojú kọ ìwé. Ẹ gbé ojú ìwé kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín: bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá gbọ́ òtútù, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ tán ni kẹ́ ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ fi pákó méjì há a, kẹ́ ẹ gbé bíríkì lé e, kó má baà ká.

Ìwé màmá pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ méjì lè gbẹ lọ láàárín ọjọ́ méjì. Mo ní kí wọ́n fi náílọ̀n tó mọ́ wé ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kó o sí fíríísà. Yìnyín kì í gbẹ ìwé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó bu. Ẹ ó máa yọ ọ́ ní ẹyọ kan, ẹyọ méjì, bí àyè bá ṣe yọ. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní iná wo? Mo ní kí wọ́n wá aládùúgbò tó ń ta òkú Èkó, àwọn yẹn kì í jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ sùn. Wọ́n rí ẹnì kan. Ọjọ́ tí wọ́n tún pè mí, wọ́n ní Bíbélì wà lórí tábìlì, ìwé Tamale wà láàárín ẹja títù àti tòlótòló.

Ṣé èèyàn lè bo ìwé tútù mọ́ inú ìrẹsì, bí a ṣe ń ṣe fóònù? Ọ̀rẹ́ mi ní lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́ọ̀míìlì tún dáa jù ú lọ. — Ọ̀yọ́

Ẹ se ìrẹsì yín jẹ o. Ní ti lẹ́búlẹ́bú pákó, wọ́n dán an wò ní ìlú Florence ní Ítálì, nígbà tí odò Arno ya wọ ilé-ìkàwé ńlá ibẹ̀ ní 4 Oṣù Kọkànlá 1966. Ó há sáàárín ewé ìwé, yíyọ rẹ̀ sì tún di iṣẹ́ mìíràn.

Fọ́tò ìgbéyàwó wa ti lẹ̀ mọ́ra wọn nínú álúbọ́ọ̀mù, èyí tó wà nínú férémù sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. — Awẹ́

Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, arábìnrin, ẹ má fà á. Fọ́tò tí wọ́n fọ̀ ní sítúdíò láyé àtijọ́, omi ni wọ́n fi fọ̀ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, kì í sábà bẹ̀rù omi tó mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ omi tútù títí tí wọ́n á fi máa yọ̀ kúrò lára ara wọn. Ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìdojúsókè, tàbí kẹ́ ẹ fi pẹ́ẹ̀gì gbé etí rẹ̀ kọ́ níbòòji. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ nílé yàtọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣàn lọ, ẹ má kì í bọ omi rárá. Èyí tó ti gbẹ mọ́ gíláàsì, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́ gíláàsì, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, kẹ́ ẹ tẹ òmíràn. Bí ẹ bá ṣì ní nẹ́gátíìfù rẹ̀, inú mi dùn sí yín.

Àsàláàmù aléékùn. Kùránì tí bàbá àgbà wa fọwọ́ kọ ló tutù. — Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Wa aléékùmù sàláàmù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tàdáwà wàláà, ìyẹn yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ Kùránì sórí pákó, kí ó lè fọ̀ ni wọ́n ṣe ń pò ó bẹ́ẹ̀. Bí bàbá bá lo irú rẹ̀ fún ìwé yìí, omi mìíràn ò gbọ́dọ̀ kàn án, bó ti wù kí ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Bí ewé rẹ̀ ò bá lẹ̀ pọ̀, ẹ tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ funfun nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Tí àpò rẹ̀ bá jẹ́ awọ, ẹ yọ ìwé kúrò nínú rẹ̀ kíá, torí aró awọ máa ń ṣàn. Ẹ má gbé awọ náà sún mọ́ iná, yóò gan. Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi bó bá ti gbẹ.

Bàbá, mo ti lámínéètì sátífíkéètì mi, síbẹ̀ omi gba etí wọnú rẹ̀. — Akẹ́kọ̀ọ́ jáde, Òwóòdé, Ọ̀yọ́

Ọmọ mi, náílọ̀n yẹn ò ní jẹ́ kí omi jáde mọ́, abẹ́ rẹ̀ ló sì máa ti bu. Fi sísọ́ọ̀sì gé etí náílọ̀n nìkan, níbi tí kò ti kan bébà, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Má gbìyànjú láti bó o kúrò lójú ìwé, yóò ká lẹ́tà dání. Ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, kí o sì lọ bi iléèwé rẹ ohun tí wọ́n ń béèrè fún òmíràn. Àfidáfíìtì láti kóòtù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Tí o bá gba òmíràn, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí o lámínéètì.