Ẹ má tíì fọ́mátì fíláàṣì yín

Ẹni tó ní gbogbo fáìlì inú fíláàṣì òun ti di shortcut (àmì kékeré tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì), tó ń béèrè bóyá kóun fọ́mátì rẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ̀gbẹ́ iléèwé gíga ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wà. Tí àsìkò project bá ti dé, ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi nìyẹn ṣáá. "Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ mi ti lọ!" Kò lọ síbì kankan.

Ṣe ni kòkòrò kọ̀ǹpútà kan fi àwọn fáìlì yín pamọ́, tó wá fi shortcut tó jọ wọ́n dí ojú wọn. Ẹ wo bó ṣe tóbi tó: ṣé project odindi á jẹ́ 2 KB ni? Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ yín lè ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò náà ti bá a wọlé. Ẹ kọ́kọ́ fi antivirus yẹ kọ̀ǹpútà wò, torí bí kò bá mọ́, á tún kó o ran fíláàṣì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows. Tó bá jẹ́ E ni lẹ́tà fíláàṣì, ẹ tẹ:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Àwọn fáìlì yín tó fara pamọ́ á yọjú. Nígbà mìíràn, inú fódà tí kò lórúkọ ni ẹ ó ti bá wọn. Ẹ wá pa àwọn shortcut yẹn rẹ́, pẹ̀lú fáìlì .vbs tí ẹ kò mọ̀ rí. Fódà System Volume Information tó bá bá wọn jáde, ti Windows ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Gbogbo wa là ń pe kòkòrò shortcut yìí ní fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n worm ni. Fáírọ́ọ̀sì bíi Sality máa ń wọnú fáìlì .exe ni, ìgbà tẹ́nì kan bá ṣí fáìlì náà ló ń ràn. Worm ń dá rìn ní tiẹ̀. WannaCry ti oṣù Karùn-ún 2017 kò dúró de kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan: àlébù inú Windows tí Microsoft ti tún ṣe láti oṣù Kẹta ló gbà wọlé sára àwọn tí kò ṣe update, títí dé ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí tí mo kórìíra jù ni trojan, kòkòrò tó ń díbọ́n bí ohun tí ẹ ń wá. Ẹ wá Photoshop ọ̀fẹ́ lọ, wọ́n ní kí ẹ pa antivirus ná, ẹ sì pa á! Bí STOP/Djvu ṣe ń wọlé nìyẹn. Ó ń ti fáìlì pa ni, á fi _readme.txt sílẹ̀, á ní kí ẹ san owó dọ́là, tàbí ìdajì rẹ̀ tí ẹ bá yára kàn sí wọn láàárín wákàtí 72. Attrib kò ràn án. Èmi kì í ní kí oníbàárà san án. Ẹ nu kòkòrò náà kúrò, ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì tó tì náà pamọ́, kí ẹ lọ wo ìkànnì No More Ransom, tí Europol (àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù) àti ọlọ́pàá Netherlands wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2016. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ tó ń ṣí irú fáìlì títì bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan níbẹ̀.