Kẹ́ ẹ tó ra ọ́ìlì fún alumíníọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ wo eyín irinṣẹ́ yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní end mill (irinṣẹ́ eléyín tó ń yí, tó ń gé irin) tuntun tẹ́ ẹ rà dí pa kó tó la kòtò kan já, ẹ wá ń béèrè ọ́ìlì tó lágbára jù tẹ́ ẹ lè máa dà sí i. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gé alumíníọ̀mù nílé, lórí míìlì kékeré (ẹ̀rọ tó ń yí irinṣẹ́) àti lẹ́ẹ̀tì orí tábìlì (ẹ̀rọ tó ń yí iṣẹ́ fúnra rẹ̀), ohun tójú mi sì ti rí ni pé ọ́ìlì ló ń gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Eyín mẹ́rin lẹ ní irinṣẹ́ yẹn ní, àwọ̀ eérú tó ṣú ni wọ́n sì fi bò ó. Kódà bẹ́ ẹ bá rì í sínú ọ́ìlì, á ṣì dí.

Alumíníọ̀mù rọ̀, ó sì máa ń lẹ̀. Èérún rẹ̀ máa ń pọ̀, ó ń fẹ́ àyè, gọ́tà tó wà láàárín eyín kan sí èkejì nìkan ló sì lè gbà jáde. Tí eyín bá ti di mẹ́rin, gọ́tà á há. Èérún á dúró síbẹ̀, eyín tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún un gé, ooru á mú un, á sì lẹ̀ pinpin. Kò dìgbà tó bá dé nǹkan bí 660 °C, níbi tí alumíníọ̀mù ti ń yọ́, kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé irinṣẹ́ yẹn síbi ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀: ẹ máa rí nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gorí ẹnu eyín gan-an. Látìgbà tíyẹn bá ti jókòó síbẹ̀, irinṣẹ́ kọ́ ló ń gé iṣẹ́ yín mọ́, alumíníọ̀mù ló ń fa alumíníọ̀mù ya. Ìdí nìyẹn tójú iṣẹ́ fi ń rí jákujàku. Tí gọ́tà bá wá kún tán, irinṣẹ́ á kán.

Eyín méjì tàbí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí gọ́tà rẹ̀ jìn, tí wọ́n dán débi tó ń kọ mànà, tó sì lọ́ dáadáa, bí ìwọ̀n 45°. Ní ti àwọ̀, ẹ sá fún èyí tí wọ́n ń pè ní TiAlN àti AlTiN. Irin líle ni wọ́n ṣe wọ́n fún, alumíníọ̀mù sì wà nínú àwọ̀ náà fúnra rẹ̀, ìyẹn niṣẹ́ yín á máa lẹ̀ mọ́. Èyí tí kò ní àwọ̀ kankan sàn jù ú lọ. Tówó bá wà, àwọn àwọ̀ bíi ZrN, TiB2 àti DLC dáa, àmọ́ fún iṣẹ́ ilé, mi ò rí i pé ó pọn dandan.

Àwọn kan á ní irinṣẹ́ carbide, èyí tó le gan-an tó sì ń tètè kán, nìkan ni. Èmi ò gbà. Carbide fẹ́ eré, kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: irinṣẹ́ 6 mm tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sáré mítà 100 ní ìṣẹ́jú kan gbọ́dọ̀ yí nǹkan bí ìgbà 5,300 láàárín ìṣẹ́jú náà. Ọ̀pọ̀ míìlì kékeré kì í kọjá 2,500. HSS (high-speed steel, irin irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀) tó mú dáadáa máa ṣiṣẹ́ ní 2,500 láìráhùn, owó rẹ̀ ò sì ní dunni tó bá kán.

Ohun tó ń pa irinṣẹ́ jù ni ìbẹ̀rù. Èèyàn á máa ti iṣẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jí nǹkan. Eyín tí kò bá bù ú jẹ dáadáa kò gé nǹkan kan, ńṣe ló kàn ń ha á lára, hìhà yẹn ló sì ń mú ooru wá. Tí eyín kọ̀ọ̀kan bá ń bu 0.04 mm, eyín méjì, ìgbà 2,500, ó di mìlímítà 200 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fọwọ́ yí i wò, ẹ máa rí i pé ó yá ju bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é lọ. Tí kò bá ṣeé ṣe torí ẹ̀rọ yín ò lágbára, jíjìn ni kẹ́ ẹ dín kù, ẹ má dín eré títì kù.

Ti lẹ́ẹ̀tì ò gùn: nínú àwọn eyín kéékèèké tí wọ́n ń dè mọ́ orí irinṣẹ́ rẹ̀, CCGT ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe CCMT. Èyí tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù, wọ́n ti lọ ẹnu rẹ̀ tó fi mú gan-an, kódà ẹ má fìka kàn án láìròtẹ́lẹ̀.

Irú alumíníọ̀mù náà tún ńkọ́? Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n: 6061-T6 kì í yọ èèyàn lẹ́nu. 1100 àti 3003 rọ̀ jù, ojú wọn ṣòro dán. Èyí tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù sábà máa ń ní silicon, tó ń jẹ ojú HSS.

Ó wá kan ọ́ìlì. Nílé, iṣẹ́ tá a ń bẹ̀ ẹ́ kò ju kó má jẹ́ kí alumíníọ̀mù lẹ̀, kó sì bá wa ti èérún jáde. Kẹrosíìnì làwọn àgbà oníṣẹ́ ti ń lò látijọ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. WD-40 náà dáa, torí epo fẹ́lẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo fi ń tọ́ ọ síbi tí eyín ti ń wọlé, ẹ̀kán díẹ̀ ti tó. Tí èéfín bá ń rú, ẹ pa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wádìí ohun tó ń ha, ẹ má da ọ́ìlì kún un. Kẹrosíìnì lè gbaná látorí nǹkan bí 38 °C, spirit táwọn míì ń lò ò sì nílò ooru tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbaná, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé, kí iná jìnnà síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì nípọn jù, ńṣe ló ń so èérún pọ̀ di ẹrẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ìdá 5 sí 10 nínú 100 ni, ọ́ìlì lẹ ó sì dà sínú omi, kì í ṣe omi sínú ọ́ìlì. Ó dáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pa á tì, ó ń rùn, abẹ́ fáìsì yín á sì dípẹtà. Èmi ò kì í lò ó lórí ẹ̀rọ kékeré. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ ni mo máa mú: páìpù tóóró tó ń fẹ́ èérún kúrò níwájú eyín, pẹ̀lú awò lójú mi.

Ibi tí ọ́ìlì ti jẹ́ dandan ni táàpù, irinṣẹ́ tó ń ṣe òwú (thread) sínú ihò kí bóòtù lè wọ̀ ọ́. Tó bá ti ń han, tọ́wọ́ yín sì ń mọ̀ ọ́n pé ó ń wúwo, ẹ yí i padà ìlàjì, kẹ́ ẹ kán epo sí i. Táàpù tó ń ti èérún síwájú ni ti ihò tó já. Èyí tó lọ́, tó ń fà á jáde sókè, ni ti ihò tí kò já. Èyí tí kì í gé rárá, tó kàn ń tẹ irin di òwú, dáa púpọ̀ nínú alumíníọ̀mù, àmọ́ ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ju ti táàpù tó ń gé lọ: fún M6 (bóòtù 6 mm), 5.5 mm dípò 5.0.

Fún ayùn, ẹ fi àbẹ́là pa á. Fún fáìlì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Ẹ má gbé alumíníọ̀mù lọ sórí òkúta ìlọrin o, ó ń dí ojú òkúta, òkúta tó bá dí sì lè fọ́ mọ́ èèyàn lójú.

Ní ti èyí tó dí lọ́wọ́ yín, ẹ fi ṣóńṣó idẹ ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀. Kọ́sítíìkì sódà máa ń jẹ alumíníọ̀mù kúrò lára HSS tí kò ní àwọ̀, kò sì ní ba irin jẹ́, ṣùgbọ́n gáàsì tó ń jáde lè gbaná: ìta gbangba, ìbọ̀wọ́, awò ojú, abọ́ oníke. Tiyín ní àwọ̀, ẹ má tì í bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i tán, tẹ́nu rẹ̀ sì ṣì mú, ẹ tọ́jú ẹ̀ de ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé irin líle.